Ọmọ mi ń bi mí bóyá Ọlọ́hun ń bínú sí òun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn

Ummu_Faruq:
Àsàlámù àlékúmù ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ihò wà nínú ọkàn ẹ̀ látìgbà tí mo ti bí i, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la àyà ẹ̀ kí wọ́n lè dí i. Alhamdulillahi iṣẹ́ yọrí, wọ́n ti gbé e kúrò ní ICU, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn tí ara wọn ò tíì yá, wá sí wọ́ọ̀dù ọmọdé, wọ́n ti yọ rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àmọ́ kò fẹ́ mí kanlẹ̀, kò fẹ́ wúkọ́, nǹkan oníbọ́ọ̀lù tí wọ́n ní kó máa fa atẹ́gùn ẹ̀ yẹn, tó bá ti rí i á yíjú sógiri ni. Lálẹ́ àná ló wá ní "Mọ́mì, ṣé Ọlọ́hun ń bínú sí mi ni? Mo ṣáà kírun kí wọ́n tó gbé mi wọlé." Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Ìyá ọkọ mi tún ní oògùn ìrora ti pọ̀ jù, ká fi í sílẹ̀ ká máa fún un ní omi sámúsámù tó wá láti Mẹ́kà pẹ̀lú àdúà, pé ìgbẹ́kẹ̀lé mi ò tó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Noosi_Woodu:
Wa àlékúmù sàlámù. Ẹ kú ìrójú o. Irú wọ́ọ̀dù yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dá oògùn yẹn dúró! Ọmọ tí àyà bá ń dùn ò lè mí kanlẹ̀, tí ò bá sì mí kanlẹ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni pneumonia, àrùn inú ẹ̀dọ̀fóró, ń gbà wọlé. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín bóyá ó lè lo oògùn ẹ̀ díẹ̀ kó tó fa bọ́ọ̀lù yẹn. Tó bá fẹ́ wúkọ́, kó gbá pílò mọ́ àyà dáadáa. Ẹ má sì fi abíyá gbé e rárá, wáyà ni wọ́n sábà fi ń so egungun àyà pọ̀, á tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó jinná. Ọwọ́ kan lẹ́yìn èjìká, ìkejì lábẹ́ ìdí. Sámúsámù ńkọ́, ẹ bi dókítà ná, torí wọ́n máa ń wọn omi fún ọmọ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, kẹ́nikẹ́ni má sì dà á sójú egbò o.

Abu_Sumayyah:
Ìyá Fárúkù, ẹ sọ fún un pé rárá. Ànábì wa ti ní wọ́n gbé kálàmù tó ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ kúrò lórí ọmọdé títí á fi bàlágà, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Ọlọ́hun wá fẹ́ torí ẹ̀ bínú? Ànábì Àyúbà náà ṣàìsàn, ẹrú dáadáa sì ni Kùránì pè é (Súrà Sọ́ọ̀dù, áyà 44). Àdúà ẹ̀ wà nínú Súrà Anbiyāʾ, áyà 83, ó kàn sọ fún Ọlọ́hun pé ìnira ti bá òun ni, ó sì pè É ní Aláàánú jù lọ. Ẹ jẹ́ kọ́mọ mọ̀ pé òun náà lè sọ pé "Ọlọ́hun, ó ń dùn mí", kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ fi pẹ̀lẹ́ rán wọn létí hádíísì inú Abu Dawud tí Ànábì ti ní ká máa wo àìsàn, pé kò sí èyí tí Ọlọ́hun ò dá oògùn fún àfi ogbó.

Ummu_Hanifah:
Ọmọbìnrin tèmi, ikùn ni wọ́n là. Hádíísì kan wà nínú Muslim, kéèyàn gbọ́wọ́ lé ibi tó ń dùn, kó ṣe Bismillah lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà "Aʿudhu billahi wa qudratihi min sharri ma ajidu wa uhadhiru" lẹ́ẹ̀méje. Mo ní kó máa mí kanlẹ̀ ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó parí méje ó ti mí bí dókítà ṣe fẹ́.

Abu_Sumayyah:
Ó dáa, ẹ má ṣáà wá sọ pé mímí yẹn náà wà nínú hádíísì o 😄

Noosi_Woodu:
Kó gbọ́wọ́ lé orí aṣọ, kó má tẹ ojú egbò.

Ummu_Faruq:
Jazakumullahu khayran gbogbo yín. A ṣe é láàárọ̀ yìí lẹ́yìn oògùn. Nígbà tó dé ẹ̀ẹ̀karùn-ún ikọ́ gbé e, ó di pílò mú, ó sunkún, àmọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ló bá ní "ó ku méjì". Ìyá ọkọ mi ló ń fi tẹ̀sùbáà kà á fún un, wọn ò dárúkọ oògùn mọ́. Ó wá ní òun fẹ́ kírun, ṣé kó forí kanlẹ̀?

Abu_Sumayyah:
Rárá o, ìrun ò tiẹ̀ tíì pọn dandan fún un. Kó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì kó fi orí júwe rùkúù (títẹ̀ba) àti sùjúùdù (ìforíkanlẹ̀), kó tẹ orí ba díẹ̀ sí i fún sùjúùdù. Tí jíjókòó bá nira, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i, ó wà nínú Bukhari.