Ṣé kí n ra wáráǹtì lé mọ́tò àlòkù tí mo fẹ́ rà yìí, àbí kí n tọ́jú owó mi?

ÌyáÌbejì_Houston

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn yín ni mò ń wá, kíákíá ni o, torí mo gbọ́dọ̀ dá díílà lóhùn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Mo rí mọ́tò kan tó wù mí ní Houston níbí, Nissan Rogue ti 2018, ó ti rin 71,000 máìlì, 13,500 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ẹnì kan péré ló lò ó, inú ẹ̀ mọ́ tónítóní, Carfax, ìyẹn ìwé ìtàn mọ́tò, ò sọ pé ó ní jàǹbá kankan. A ti ná an tán, a ti jọ ń rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá mú mi wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣètò lóònù, ni bọ̀dá tó wà níbẹ̀ bá yọ pépà síta, ó ní kí n ra extended warranty ọdún mẹ́rin, ìyẹn àdéhùn pé wọ́n á máa sanwó àtúnṣe tí mọ́tò bá bàjẹ́, 2,900 dọ́là. Ó ní mi ò ní san án lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kàn dà á pọ̀ mọ́ lóònù mọ́tò, dọ́là 55 péré ló máa fi kún owó oṣooṣù. Ọdún mẹ́fà ni lóònù yẹn, èlé ẹ̀ 11 percent. Ó tún wá ní báǹkì tó fẹ́ yá mi lówó fẹ́ràn kí èèyàn ní wáráǹtì, pé tí mi ò bá rà á wọ́n lè má fọwọ́ sí lóònù. Ibẹ̀ lọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́, mo ní mò ń bọ̀, mo jáde.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé iṣẹ́ home health ni mò ń ṣe, láti ilé aláìsàn kan bọ́ sí òmíràn ni gbogbo ọjọ́ ayé mi, tí mọ́tò bá dẹnu kọlẹ̀ kò síṣẹ́ nìyẹn, kò sì sówó. Bàbá Ìbejì náà á tún máa gbé e ṣe Uber ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ṣé kí n rà á? Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á rí, ṣé wọ́n sanwó lóòótọ́ nígbà tí nǹkan bàjẹ́?

Mẹ́káníìkì_Dallas

Ẹ kú iṣẹ́ o Mọ́mì Ìbejì, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú títì. Mẹ́káníìkì ni mí ní Dallas níbí. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ wáráǹtì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká kọ́kọ́ mọ irú mọ́tò tí ẹ fẹ́ rà. Rogue ti 2018 yẹn, gíà ẹ̀ ni kí ẹ fojú sí. CVT ni wọ́n ń pè é, kò ní gíà wan gíà túù bíi ti àtijọ́, bẹ́líìtì irin kan ló ń yí láàárín púlì méjì, tí bẹ́líìtì yẹn bá ti ń yọ̀ tàbí tí ọ́ìlì inú ẹ̀ ti bàjẹ́, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti dé kóòtù, ibẹ̀ ni Nissan ti gbà pé àwọn á fi kún wáráǹtì gíà Rogue 2014 sí 2018, ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì ni tẹ́lẹ̀, ó wá di ọdún 7 tàbí 84,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Máìlì tiyín ò tíì tó 84,000 lóòótọ́, àmọ́ ẹ bèèrè ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ gbà á ní tuntun, torí àtọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kà á, ó sì dá mi lójú pé ọdún méje ti kọjá lórí mọ́tò 2018, kí díílà má fi 84,000 tàn yín jẹ. Tí gíà yẹn bá kú, kí wọ́n fi òmíràn sí i lè gba 4,000 sí 5,000 dọ́là lọ́wọ́ yín.

Torí náà, ẹ sanwó fún mẹ́káníìkì tí kì í ṣe ti díílà kó yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, lọ́pọ̀ ibi kò ju 150 sí 200 dọ́là lọ. Ẹ ní kó gbé e gun freeway, kó wà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí gíà lè gbóná dáadáa, torí gíà tó tutù lè máa ṣe bí ẹni tára ẹ̀ le. Tó bá ti gbóná, kó bọ́ sí títì àdúgbò, kó rọra fún un níná láti 20 lọ sí 40. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn ẹ̀ ti máa ń jáde, ẹ máa mọ̀ ọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bí ìgbà tí táyà ń gun ojú irin rélùwéè, rí-rí-rí. Kó tún fi scanner wo kọ̀ǹpútà gíà, kó yọ ọ́ìlì ẹ̀ wò. Tó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ má tiẹ̀ dúró sọ̀rọ̀ wáráǹtì rárá. Díílà tó bá ní kò sẹ́ni tó máa gbé e jáde lọ yẹ̀ wò, ẹ káàlọ. Ẹ tún gba VIN ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò mọ́tò, tó bá ní recall, ìyẹn àtúnṣe ààbò tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe, tí wọn ò tíì ṣe, ọ̀fẹ́ ni díílà Nissan máa ṣe é fún yín, wọn ò ní bèèrè bóyá ẹ̀yin lẹ rà á ní tuntun.

BàbáTọ́lá_ATL

Ẹ má rà á lọ́wọ́ bọ̀dá yẹn, ẹ gbọ́ tèmi jàre. Ẹ wo owó yẹn dáadáa. Dọ́là 55 lóṣù fún ọdún mẹ́fà, ìyẹn oṣù 72, ó ń lọ sí nǹkan bíi 4,000 dọ́là. Ohun tí wọ́n pè ní 2,900 ni ẹ máa san bíi 4,000 fún torí pé èlé wà lórí òun náà. Wáráǹtì á sì tán lọ́dún kẹrin, ẹ ó ṣì máa san owó ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko tí kò ní bá yín ṣe nǹkan kan. Kí ló tún kù nínú ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ báǹkì tó sọ yẹn ló bí mi nínú jù. FTC, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, sọ ọ́ gbangba pé tí díílà bá ní àfi kéèyàn ra irú nǹkan báyìí kó tó rí lóònù gbà, kí onítọ̀hún pe ẹni tó fẹ́ yá a lówó fúnra ẹ̀ kó bèèrè. Ẹ pè wọ́n. Ẹ bèèrè orúkọ báǹkì, ẹ gba nọ́ńbà wọn, kí ẹ má jẹ́ kí díílà bá yín pè é.

Ẹ tún wo pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò yẹn, Buyers Guide lorúkọ ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ló ní kí díílà lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo mọ́tò àlòkù. Tó bá jẹ́ As Is ni wọ́n máàkì, tó bá bàjẹ́ lọ́la ọrùn yín ló wà. Tó bá jẹ́ Warranty ni wọ́n máàkì, ẹ kà á, ó lè jẹ́ pé díílà fúnra ẹ̀ ti ní òun á san apá kan fún oṣù bíi mélòó kan, kí ẹ wá máa sanwó lórí ohun tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ máa fi dọ́là 55 yẹn sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ lóṣooṣù. Tí mọ́tò ò bá bàjẹ́, owó yín ni.

Àdùkẹ́_RN_Maryland

Ẹ má bínú sí mi o Bàbá Tọ́lá, ọ̀rọ̀ yín dáa, àmọ́ tí gíà bá kú ní oṣù kẹta ńkọ́? Dọ́là 165 ló máa wà nínú àkáǹtì yẹn. Ẹni tó ní 5,000 nílẹ̀ lè máa dá wáráǹtì ara ẹ̀ ṣe, gbogbo wa kọ́ la ní in, pàápàá ẹni tó jẹ́ mọ́tò ló fi ń jẹun. Èmi rà á, wọ́n sì sanwó fún mi. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ A/C mi kú nínú ooru oṣù July, mo gbé e lọ sí díílà, dọ́là 100 ni mo fi sílẹ̀, wọ́n san ìyókù. Àmọ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò gan-an ni mo rà, kì í ṣe ti àwọn ilé-iṣẹ́ ìta tí díílà ń bá ta ọjà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Èyí tí ilé-iṣẹ́ mọ́tò fọwọ́ sí, díílà wọn níbikíbi ló ń gbà á, díílà á bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ tààrà. Ti ìta, ó di kí wọ́n rán ẹni tó máa wá wo mọ́tò, kí mọ́tò wà ní tútúká nílẹ̀, kí ẹ máa háyà mọ́tò lọ síbi iṣẹ́.

Risíìtì náà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan níbí, ínjìnnì ẹ̀ ló ní ìṣòro, ilé-iṣẹ́ tó ta wáráǹtì fún un ní kó mú ẹ̀rí wá pé ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ó ń pààrọ̀ ẹ̀ o, àmọ́ ọkọ ẹ̀ ló ń ṣe é nínú garage, kò sí risíìtì kankan, wọn ò sì fún un ní kọ́bọ̀. Tí ẹ bá máa ṣe é nílé, ẹ tọ́jú risíìtì ọ́ìlì àti fílítà, kí ẹ kọ ọjọ́ àti máìlì sí i lára.

Àmọ́ Mọ́mì Ìbejì, ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, ṣé ẹ sọ ọ́ fún bọ̀dá wáráǹtì? UBER! Ẹ ṣí pépà wọn síbi tí wọ́n kọ Exclusions sí, ìyẹn àwọn ohun tí wọn ò ní sanwó fún, ẹ wá commercial use, ìyẹn fífi mọ́tò ṣòwò. Púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n bá ti rí i pé wọ́n fi mọ́tò yẹn gbé èrò tàbí gbé oúnjẹ fún owó, wọn ò ní san nǹkan kan, kódà tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló bàjẹ́. Àwọn kan máa ń ta èyí tó gba Uber láyè, owó ẹ̀ ga díẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ni. Ẹ bèèrè ti home health yín náà, torí àwọn kan lè ní ìyẹn náà ń fi mọ́tò ṣòwò. Ẹnu lásán ò tó o, ẹ ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

ÌyáÌbejì_Houston

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Mo pe báǹkì láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kò kan àwọn, pé yálà mo ra wáráǹtì tàbí mi ò rà á, lóònù mi ti wọlé. Mo wá pe díílà pé mi ò rà á mọ́, kíá ló sọ ọ́ di 1,900! Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ló gé kúrò kí n tó mí. Mo bèèrè Uber, ó ní kò sí wàhálà, mo ní kó fi pépà náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo rí i kedere níbẹ̀ pé wọn ò sanwó tí wọ́n bá fi mọ́tò gbé èrò. Inú bí Bàbá Ìbejì gan-an.

Ìbéèrè méjì ló kù. Tó bá tó bí ọdún mẹ́ta, ó wù wá ká fi mọ́tò yìí ránṣẹ́ sílé, ṣé wáráǹtì á tẹ̀ lé e dé Abẹ́òkúta? Àwọn tó sì máa ń pè mí lórí fóònù pé wáráǹtì mọ́tò mi fẹ́ tán, ṣé mo lè rà á lọ́wọ́ wọn?

BàbáTọ́lá_ATL

Àwọn tó ń pè yẹn, ẹ gé fóònù mọ́ wọn lójú, ẹ má tẹ nọ́ńbà kankan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jíbìtì ni. Ní 2023 FCC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fóònù, bu owó ìtanràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là lé àwọn kan lórí nítorí irú ìpè wáráǹtì mọ́tò yìí. Ẹ má sọ VIN yín fún ẹnikẹ́ni tí ẹ̀yin kọ́ lẹ pè é.

ṢípíMọ́tò_Baltimore

Mo máa ń bá àwọn èèyàn wa fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn. Kò ní tẹ̀ lé e o. Lọ́pọ̀ ìgbà Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan ni ìwé yẹn mọ̀. Àmọ́ ẹ lè fagi lé e kí mọ́tò tó wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á ṣírò èyí tí ẹ ò tíì lò, wọ́n á dá a padà, wọ́n lè yọ owó díẹ̀ fún iṣẹ́ ìwé. Àwọn èèyàn wa kì í sábà bèèrè owó yìí, ó máa ń dùn mí. Bó ṣe rí náà nìyẹn tí ẹ bá ta mọ́tò tàbí tí jàǹbá bá bà á jẹ́ pátápátá. Tí lóònù bá ṣì wà lórí ẹ̀, báǹkì ni wọ́n máa fi owó náà ránṣẹ́ sí, kò ní wọ ọwọ́ yín, àmọ́ á dín gbèsè kù. Ní Texas tiyín, tí ẹ bá fagi lé e kí ọjọ́ 31 tó pé lẹ́yìn tí ẹ rà á, gbogbo owó yín ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà, àfi tí wọ́n bá ti san nǹkan kan fún yín lórí ẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi máìlì ọjọ́ yẹn sí i, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.

Mẹ́káníìkì_Dallas

Mọ́mì, ẹ̀yin náà ti rí i báyìí, pẹ̀lú Uber tó wà níbẹ̀, 1,900 yẹn náà sísọnù ni. Ọ̀nà méjì ni mo rí. Tí mọ́tò yẹn bá yege lọ́wọ́ mẹ́káníìkì, ẹ rà á láìra wáráǹtì, kí ẹ ná an wá sílẹ̀ sí i, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì gíà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, NS-3 ni o, ìyẹn ọ́ìlì tí Nissan ṣe fún CVT, kì í ṣe ọ́ìlì gíà lásán. Èkejì ló wù mí jù: ẹ lọ wo mọ́tò certified, ìyẹn àlòkù tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí ilé-iṣẹ́ mọ́tò sì fọwọ́ sí, lọ́dọ̀ díílà Toyota. Owó ẹ̀ á ga díẹ̀, àmọ́ wáráǹtì ínjìnnì àti gíà ti wà nínú owó yẹn, ọdún 7 tàbí 100,000 máìlì láti ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ gbà á, pẹ̀lú ọdún kan tàbí 12,000 máìlì fún púpọ̀ nínú ìyókù. Kí ẹ ṣáà bèèrè ọ̀rọ̀ Uber lọ́dọ̀ tiwọn náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá rí èyí tó wù yín, ẹ fi ọdún ẹ̀ àti máìlì ẹ̀ síbí, màá sọ ohun tí ẹ máa ní kí wọ́n yẹ̀ wò.