Fusca mi (Volkswagen Beetle) ń kú níbi iná tó ń darí ọkọ̀ látìgbà tó ti ń mu ẹ́tánọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kabúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) dáadáa, ẹ gbà mí o. São Paulo, ní Brazil, ni mo ń gbé. Fusca 1600 ọdún 1981 ni mo ní, bẹntiróòlù ló ń mu tẹ́lẹ̀.

Mo ti pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì ńlá (ojú ihò tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀) láti nọ́ńbà 125 sí 155. Mo ti fa táímìnì (àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná) síwájú díẹ̀, mo sì ti pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà. (Ìdọ̀tí ọgbọ̀n ọdún ni ẹ́tánọ́ọ̀lù họ jáde nínú tánkì, fílítà méjì ló dí lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.) Tó bá ti ń sáré, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ sókè, á gbọ̀n, á wúkọ́, á kú. Láàárọ̀ oṣù keje yìí tí òtútù ń mú níbí, àfi kí n ro bẹntiróòlù ìdérí ìgò kan sẹ́nu kabúrétọ̀ kó tó jí.

Lánàá, lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan, mo fọwọ́ kan páìpù abẹ́ kabúrétọ̀: ó tutù, omi ń sẹ̀ lára rẹ̀ bí ìgò ọtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde. Mẹkáníìkì mi ní ká tú ẹ́ńjìnnì. Mi ò tíì gbà.

Ṣé jẹ́ẹ̀tì sílò (èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo téèyàn ò bá tẹ̀ ẹ́), tó ṣì wà ní 55, ni kí n fẹ̀, àbí òtútù páìpù yẹn ló ń pa á? Tó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀tì ni, nọ́ńbà wo lẹ lò sí tiyín?