Àbúrò mi ti pa oògùn rẹ̀ tì: kí la lè ṣe nílé?

Àǹtí Aláṣọ
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 31, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bipolar ni dókítà pè é, àìsàn ọpọlọ tó ń gbé ọkàn èèyàn sókè jù, tó tún ń já a lulẹ̀. Nílé, a máa ń ní "ó ti gbéra", torí kì í sùn mọ́. Lóṣù tó kọjá, aago mẹ́ta òru ló ń pe àwọn oníbàárà mi, pé òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ní ọjà Gbági lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ra fáànù méjìlá láwìn. A ti rí mẹ́ta tà. Mẹ́sàn-án ṣì wà ní pálọ̀ màmá wa nínú páálí, àlejò ò ríbi jókòó. Ó ti já lulẹ̀ báyìí: ó kọjú sógiri, ìwẹ̀ gan-an di ogun.

Lithium, oògùn tó ń mú kí ọkàn dúró sójú kan, ló ń lò. Ara rẹ̀ balẹ̀, ló bá ní òun ti gbádùn, ó pa á tì. Màmá fẹ́ máa lọ oògùn náà sínú ewédú fún un láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní orí òkè àdúrà ló kàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá
Àǹtí, ẹ má dán ti ewédú yẹn wò! Ìwọ̀n lithium tó ń woni sàn àti ìwọ̀n tó ń ṣeni léṣe ò jìnnà síra. Ìdí tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ wò nìyẹn. Kó rí dókítà rẹ̀ ná. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn náà, ẹ má fún un ní ibuprofen nítorí ẹ̀yìn ríro, ó ń jẹ́ kí lithium pọ̀ lẹ́jẹ̀. Tó bá ń bì, tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ilé ìwòsàn kíá. Ẹ sì bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló ń fi í síni lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, lójú ẹsẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Kí ẹ̀gbọ́n máa gbàdúrà, oògùn kò dí i lọ́wọ́. Lambo, dókítà ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Àró, Abẹ́òkúta, ní 1954, inú abúlé ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, ẹbí ń bá wọn gbé, ó sì pe àwọn adáhunṣe mọ́ra.

Bàbá Àpáta
Èmi gan-an ní bipolar yìí. Nígbà tára mi dá, èmi àtìyàwó mi jókòó, a kọ ọ́ sílẹ̀: tí mi ò bá sùn fún òru méjì, kó gba káàdì bánkì mi, kó pe dókítà. Mo fọwọ́ sí i, ó wà lára ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù. Inú máa ń bí mi sí i lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀. Tí mo bá já lulẹ̀, kì í ní "ṣe bí ọkùnrin". Yóò gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀, yóò ní "omi ń tutù o". Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí n rẹ́rìn-ín kí wọ́n ní "ṣó o ti lo oògùn ẹ?" Èèyàn ò lè rẹ́rìn-ín mọ́?

Àǹtí Aláṣọ
Mo ka ti Bàbá Àpáta fún un. Ibi ẹ̀rín yẹn, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo bi í ní ti Nọ́ọ̀sì, ó ní rárá, pé ó kàn rẹ òun ni. Ó gbà ká kọ ìwé náà, bí màmá ò bá ní máa yọjú wo òun lóru mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń lọ rí dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ fáànù, mẹ́sàn-án ló kù.