Javel àti ásíìdì lórí bac kan ṣoṣo, alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé

Àbẹ̀kẹ́ (Vénissieux)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Ẹ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn ilé ìwòsàn ni mo wà. Ọ̀gbẹ́ni tó ń mójú tó yàrá kẹ́míkà ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá ní ọwọ́ mi ló kù sí. Mo ṣílẹ̀kùn lónìí, orí mi fò lọ. Javel, omi tó ń sọ aṣọ di funfun, àti ásíìdì formique jókòó pọ̀ lórí bac kan ṣoṣo, àwo ńlá tó ń gba ohun tó bá jò. Peroxide, kẹ́míkà mìíràn tá a fi ń fọ aṣọ funfun, wà lórí pálẹ́ẹ̀tì onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Bidon mẹ́ta, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ìwé ara wọn ti bó, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú wọn. Alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá sì ti na ìwé kan sí mi pé kí n fọwọ́ sí i pé mo ti yẹ ibẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ ló dára. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Bàbá Ramatu (Rouen)
Ọmọ mi, fara balẹ̀. Ìwé ò lè pa ọ́ lálẹ́ yìí, Javel lè pa ọ́. Má dá wọ ibẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́ àti awò, ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí ẹ gbé ásíìdì kúrò lọ́dọ̀ Javel lọ sórí bac tirẹ̀. Bac méjì ni mo wí o, kì í ṣe ẹyọ kan tí ẹ fi páálí là láàárín. Bí méjèèjì bá jò pàdé, kúlórììnì, gáàsì olóró, ni yóò jáde.
Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ni mo ti ń fọlẹ̀. Oògùn tó ń jẹ ẹfun ara páìpù, ásíìdì ni, kù díẹ̀ nínú ike, mo ní kó má ṣòfò, mo dà á sínú garawa Javel. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà n ò lè mí mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo wà tí wọ́n fi sọ pé CDI, ìwé iṣẹ́ tí kò lópin, tí wọ́n ṣèlérí fún mi ò sí mọ́.

Ìdòwú (Marseille)
Ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́, Porto-Novo! Kí nǹkan má bàa ṣòfò, ẹ fẹ́ẹ̀ kú.

Ọmọ Alákétu (Hamburg)
Èmi ni kí ẹ bi nípa peroxide. Àbẹ̀kẹ́, yọ ọ́ kúrò lórí igi yẹn kíá, kó sì jìnnà sí ooru. Èyí tó bá le, tó bá jò sórí igi, iná lè sọ fúnra rẹ̀. Kí o wo ìdérí rẹ̀ náà, ó ní ihò tín-ín-rín kan lórí, má dí i. Èmi rò pé ó ti bàjẹ́ ni, mo mú ìdérí mìíràn tó le, mo dé e pinpin. Ká tó ti ìsinmi dé, bidon ti wú bí ikùn àgbò ọjọ́ Iléyá. Kí n tó pe ọ̀gá, ó bẹ́. Páálí aṣọ iṣẹ́ tuntun tó wà nítòsí ló gba gbogbo rẹ̀ sára. Owó ẹ̀bùn òpin ọdún mi ló bá a lọ.

Kàmọ̀rù (Montréal)
Ẹ̀gbọ́n, ìdérí nìkan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kíákíá. Peroxide tó mọ́, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bàjẹ́. Ẹ rántí dáadáa, ṣé ẹ ò da àṣẹ́kù padà sínú rẹ̀?

Ọmọ Alákétu (Hamburg)
Díẹ̀ báyìí. Kò tó ife méjì.

Kàmọ̀rù (Montréal)
Kí lẹ fi bù ú?

Ọmọ Alákétu (Hamburg)
Agolo.

Kàmọ̀rù (Montréal)
Agolo irin! Kí lẹ tún ń bi ìdérí sí? Ìpẹtà bíńtín, bàbà bíńtín, kódà ìdọ̀tí, ló máa ń sọ ọ́ di omi àti ọ́síjìn. Á máa gbóná, bó ṣe ń gbóná ni yóò tún máa yára sí i. Ohun tá a bá ti bù jáde kì í padà sínú bidon mọ́ láyé. Ó wà nínú ẹ̀kọ́ SIMDUT, ti ààbò kẹ́míkà níbi iṣẹ́, tí wọ́n fi ń dá wa lójú rú níbí.

Tántì Fọlá (Toulouse)
Kàmọ̀rù, má dá a lẹ́bi tán. Bí ihò yẹn bá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á rọ́nà gbà jáde.

Kàmọ̀rù (Montréal)
Tántì, bó bá ti ń hó, ihò tó tó orí abẹ́rẹ́ ò lè gbà á.

Ọmọ Alákétu (Hamburg)
Mo ní ìdérí ni. Ìdérí ni alábẹ̀wò kọ sínú ìwé.

Kàmọ̀rù (Montréal)
Ṣé ẹ sọ ti agolo fún un?

Ọmọ Alákétu (Hamburg)
Ìwọ náà! Ta ní ń sọ ìyẹn?

Tántì Fọlá (Toulouse)
Ẹ jẹ́ á dá ọmọ yìí lóhùn. Àbẹ̀kẹ́, kó gbogbo FDS jáde, ìwé àlàyé ààbò kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan, apá 16 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má wulẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ yìí, ka apá 7 fún bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ka apá 10 fún ohun tí kò gbọ́dọ̀ bá pàdé. Tó o bá rí bidon tó ṣì ní àmì aláwọ̀ ọsàn ti àtijọ́, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀, onígun pupa la ń lò báyìí. Ní ti bac, ó gbọ́dọ̀ lè gba gbogbo ohun tó wà nínú bidon tó tóbi jù, tàbí ìdajì gbogbo wọn, èyí tó bá pọ̀ jù.

Bàbá Ramatu (Rouen)
Ìyẹn fún táǹkì, Fọlá. Bí bidon ò bá ju lítà 250 lọ, tí gbogbo wọn lápapọ̀ ò sì tó lítà 800, bac gbọ́dọ̀ lè gba gbogbo rẹ̀ pátá. Ní ibi iṣẹ́ tó bá wà lábẹ́ ICPE, òfin Faransé fún ibi iṣẹ́ tó lè léwu, ìyẹn ni wọ́n máa wọ̀n.

Ọmọ Alákétu (Hamburg)
Ẹ̀yin ará Faransé ló ń ṣírò. Jámánì ní TRGS 510, ìlànà bí wọ́n ṣe ń kó kẹ́míkà pamọ́. Gbogbo kẹ́míkà ló ní kíláàsì tirẹ̀, ẹ ó wo tábìlì, ẹ ó rí èyí tó lè bá èkejì gbélé. Kọ́bọ́ọ̀dù tá a ń kó tínà àti acetone sí, iná lè jó o fún 90 ìṣẹ́jú kí tinú rẹ̀ tó mọ̀.

Ìdòwú (Marseille)
Tábìlì wà, kọ́bọ́ọ̀dù wà, bidon tiyín ṣì bẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ (Vénissieux)
Mo ti pe ọmọkùnrin kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, a ti gbé ásíìdì kúrò. Bac kan wà nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò lò. Ẹ ṣeun. Àwọn bidon tí kò ní ìwé ńkọ́? Ọ̀kan wúwo gan-an. Ṣé kí n ṣí i kí n gbóòórùn rẹ̀?

Tántì Fọlá (Toulouse)
MÁ ṢÍ I!

Bàbá Ramatu (Rouen)
Má ṣí i, má gbóòórùn rẹ̀, má sì dà á sínú gọ́tà. Kọ ọ́ sí i lára pé a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kọ ọjọ́ òní, gbé e sí bac tirẹ̀ lọ́tọ̀ bí kò bá jò. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí eléwu, tó ní ìwé àṣẹ, ni kí ọ̀gá pè.

Kàmọ̀rù (Montréal)
Ká ní ọjà Wàńdò nílé ni, ìyá oníkpayo, tó ń ta epo fàyàwọ́, á ti ki ìka bọ̀ ọ́, á tọ́ ọ wò, á ní epo tó dára ni.

Ìdòwú (Marseille)
Á tún bá yín dá iye lé e.

Bàbá Ramatu (Rouen)
Ẹ̀rín ni, àmọ́ ẹ rántí Sèmè-Kraké, September 2023. Ibi tí wọ́n kó kpayo jọ sí gbiná, ó lé ní 30 èèyàn tó kú. Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa, yàrá kan, dáàmùjáànù onígíláàsì lórí ara wọn, fìtílà lórí tábìlì. Gáàsì tó ń jáde lára epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rà bá ká, á lọ bá iná níbi tó bá wà. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ la ti ń sùn lọ́mọdé.

Tántì Fọlá (Toulouse)
Wọ́n ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré níbí láti AZF, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tó bú gbàmù ní 2001. Èèyàn 31 ló kú. Àwọn fèrèsé kan ṣì wà ládùúgbò wa tí onílé á fi hàn ọ́ pé lẹ́yìn ìgbà yẹn ni òun pààrọ̀ wọn.

Bàbá Ramatu (Rouen)
Àwa ní Lubrizol, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tó jóná ní 2019. Ojú ọ̀run dúdú lójú ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ (Vénissieux)
Feyzin, ibi ìfọpo tó bú gbàmù ní 1966. Mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ṣé ìyẹn náà la fẹ́ fi bára wa díje?

Ìdòwú (Marseille)
Marseille ò bá yín dù ú. Ọ̀kadà àti òòrùn ló ń pa àwa.

Ọmọ Alákétu (Hamburg)
Nílé ní Benin, Kétu la tún ga jù. Ẹnu ọ̀nà Akaba Ìdénà nìkan tó fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Onígbòlò náà ńkọ́?

Kàmọ̀rù (Montréal)
Ẹ̀gbọ́n, Pọ̀bẹ́ ni Onígbòlò wà.

Ọmọ Alákétu (Hamburg)
Ẹ̀gbẹ́ wa náà ni.

Tántì Fọlá (Toulouse)
Ẹ gbọ́ ẹni tó ń yá símẹ́ńtì ẹlẹ́símẹ́ńtì. Ṣábẹ ní òkè, ó ní ọba Onísábẹ, ó ní ṣúgà tirẹ̀. Tí n bá rántí iyán àti wàràǹkáṣì tí wọ́n ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rélùweè, oúnjẹ ibi yìí ò wọ̀ mí lọ́fun.

Bàbá Ramatu (Rouen)
Kò sí bí ẹ ṣe máa sọ ọ́, Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú. Ẹ wo mọ́sáláṣí ńlá wa, àwọn tó ti Brazil dé ló kọ́ ọ, ó dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìdòwú (Marseille)
Olú-ìlú tí ìjọba ń gbé ní Kútọnu!

Àbẹ̀kẹ́ (Vénissieux)
Ẹ jọ̀ọ́, ìwé tí mo fẹ́ fọwọ́ sí ńkọ́?

Kàmọ̀rù (Montréal)
Má fọwọ́ sí i.

Ìdòwú (Marseille)
Ó rọrùn fún ẹni tó wà ní Montréal láti sọ. Ìwé ìgbélùú ọmọ yìí so mọ́ iṣẹ́ náà.

Tántì Fọlá (Toulouse)
Ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Kọ ohun tí o bá níbẹ̀ àti ohun tí o gbé kúrò, fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lálẹ́ yìí lórí ímeèlì, kí ọjọ́ àti aago hàn. Tí wọ́n bá sì ní kí o wọ ibi tí ewu wà ní gbangba, òfin fún ọ ní droit de retrait, ẹ̀tọ́ láti kúrò níbẹ̀. Ní ti ìfọwọ́sí, n ó bi àbúrò mi tó wà ní síńdíkà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àmọ́ yóò ti sùn báyìí.

Ọmọ Alákétu (Hamburg)
Lóòótọ́, ta ló ń lọlé ní December? Mo nílò gààrí àti epo pupa.

Kàmọ̀rù (Montréal)
Èmi ń lọ. Sódàbì, ọtí líle tí wọ́n fi ẹmu ṣe, ni mo fẹ́ gbé bọ̀, lítà méjì, nínú ike omi.

Bàbá Ramatu (Rouen)
Ike omi tí kò ní ìwé lára?

Kàmọ̀rù (Montréal)
Bàbá, òórùn rẹ̀ tó fún ìwé.