Abẹ́rẹ́ tí àbúrò mi fi ń gún oògùn gún mi lọ́wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè (orúkọ wà ní ìpamọ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ bá mi bo orúkọ mi, torí abúlé ni mo wà lápá Ketu ní Benin níbí, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹnìkejì rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, dé láti Èkó nígbà tí a ń kórè àgbàdo. Iṣẹ́ bíríkìlà ló bá lọ. Ó ti rù kan eegun, aṣọ alápá gígùn ló ń wọ̀ nínú ooru, tí ẹ bá wá a lọ́sàn-án, oorun lẹ máa bá a lójú rẹ̀. Mo ti rò pé tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì kiri yìí ni. Lánàá ni mo lọ gbá yàrá rẹ̀. Bí mo ṣe ká ẹní, nǹkan gún mi ní ìka, ẹ̀jẹ̀ jáde. Abẹ́rẹ́ dọ́kítà ni. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí tí iná ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú, òwú, àti ìdérí ìgò. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sínú ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ náà.

Mo bi í títí ó fi jẹ́wọ́. Gbáná ni, ìyẹn heroin. Òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló jọ ń gún un ní abà kan lójú ọ̀nà Ìlárá, tí owó kò bá sì sí, abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ti ń ṣe ọ̀kan nínú wọn báyìí.

Mo ń fún ọmọ lọ́yàn. Ọkọ mi kò tíì gbọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n fẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà, kí n da ògógóró sí i. Bàbá wa ní òun á pe ọlọ́pàá. Ṣé sídà ti wọ̀ mí lára ni? Kí ni kí n ṣe sí ọmọ ìyá mi?

Ìyá Ìbejì, Pọbẹ̀:
Yéè! Pẹ̀lẹ́ o. Má fẹnu kàn án rárá. Ẹ bá wa pe Nọ́ọ̀sì wá síbí.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́:
Ọmọ mi, ọsibítù lónìí, kì í ṣe ọ̀la. Má fún ojú ibẹ̀, má da ògógóró tàbí jáfẹ́ẹ̀lì, omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, sí i. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ti tó.

Oògùn wà tí wọ́n ń fúnni kí HIV, kòkòrò tó ń fa sídà, má baà ríbi jókòó sí. Kí wákàtí 72 tó pé lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ gúnni ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe ń dára tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó, láìfo ọjọ́ kankan. Nínú 1,000 òṣìṣẹ́ ìlera tí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ alárùn náà bá gún, nǹkan bíi 3 ló ń kó o. Nítorí náà, má ṣe bí ẹni tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, ṣùgbọ́n má jókòó sílé.

Épatítì, àrùn ẹ̀dọ̀, ló ń bà mí lẹ́rù ju HIV lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí òun máa ń tètè ràn láti ojú abẹ́rẹ́. Oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní B ní àjẹsára, béèrè fún un lónìí náà bí o kò bá tíì gbà á rí. Ti C kò ní àjẹsára, àmọ́ oògùn oníhóró wà fún un, ọ̀sẹ̀ 12 ni ọ̀pọ̀ ń lò ó, ó sì ń wo èyí tó lé ní 95 nínú 100 sàn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ lónìí, wọ́n á tún ní kí o padà wá. Má rò pé èsì tòní ti parí ọ̀rọ̀. Bí ara rẹ ṣe wà kí abẹ́rẹ́ tó gún ọ ló máa sọ. Sọ fún wọn pé o ń fún ọmọ lọ́yàn, má sì fúnra rẹ já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Ẹni tí ẹ ní ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ń ṣe yẹn, ẹ̀dọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀.

Ẹni tó béèrè:
Mo ti ń wọṣọ. Àwọn abẹ́rẹ́ náà ń kọ́? Inú àpò láílọ́ọ̀nù ni mo kó wọn sí, mo fẹ́ jù wọ́n sí ṣáláńgá.

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́:
Rárá o. Wá kẹ̀ǹ kékeré tó nípọn, èyí tí wọ́n fi ń ta epo. Kó wọn sí i, dé e pa, gbé e dání lọ sí ọsibítù. Má sì gbìyànjú láti dá ìdérí abẹ́rẹ́ padà sórí rẹ̀; ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń gún àwa tí a fi ṣiṣẹ́ ṣe.

Bàbá Sabẹ:
Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ẹ lé e jáde! Ó kéré tán, ẹ ya àwo àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ọmọ Ketu, Amẹ́ríkà:
Bàbá, ẹ má bínú. HIV kì í ràn láti inú àwo, épatítì C náà kì í ràn bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà: abẹ́rẹ́, ṣíbí, òwú, omi tí wọ́n jọ fi pò oògùn náà. Ẹni tó bá ra abẹ́rẹ́ tuntun tó sì tún ki í bọ ṣíbí ẹlòmíràn lè kó épatítì C.

Ní ti lílé jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Indiana tí wọ́n ń pè ní Austin, nǹkan bí 4,200 èèyàn, òtòṣì ló pọ̀ nínú wọn. Oògùn ìrora kan, Opana, ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n ń gún sára. Láàárín oṣù November 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ November 2015, èèyàn 181 ni wọ́n rí HIV lára wọn níbẹ̀, èyí tó lé ní 9 nínú 10 sì tún ní épatítì C. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí wọ́n máa pín abẹ́rẹ́ tuntun. Gómìnà ìgbà náà, Mike Pence, kò fẹ́ ẹ rárá, àmọ́ ní March 26, 2015, ó kéde pàjáwìrì, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn tó ń sá pamọ́ wá jáde wá gba abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n ń fún wọn ní oògùn, àrùn náà sì rọlẹ̀. Ní 2021, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ tún dìbò láti ti ètò náà pa. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú títí dòní.

Ẹ rí i, bí ẹ bá lé e, abà yẹn náà ló ń lọ.

Ọlọ́kọ̀ zẹ́mí, Ketu:
Mo mọ abà yẹn. Kì í ṣe ọmọ mẹ́rin péré. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: tí ẹni tí apá rẹ̀ wú bá wọ famasí pé òun fẹ́ ra abẹ́rẹ́, wọ́n á ní ó ti tán. Kí ló kù kó ṣe? Ti èkejì rẹ̀ ni yóò yá.

Tíṣà, Pọbẹ̀:
Kì í ṣe àwọn tó ń lo gbáná nìkan o. Ní Roka, abúlé kan ní Kàǹbódíà, ní òpin 2014, àwọn tó lé ní 200 ni wọ́n bá HIV lára wọn, arúgbó àti ọmọdé wà nínú wọn. Ọkùnrin kan tí kò gba ìwé ẹ̀rí dọ́kítà ló ń tún abẹ́rẹ́ lò fún wọn. Àwa náà ní alábẹ́rẹ́ tó ń gbé báàgì kiri ọjà. Kí abẹ́rẹ́ tó kan ara yín, ẹ ní kó já bébà rẹ̀ lójú yín.

Ìyá Ìbejì, Pọbẹ̀:
Ilé àdúrà kan wà níbí tí wọ́n ń so irú wọn mọ́lẹ̀ títí oògùn á fi kúrò lára wọn. Ṣé kò ní dáa bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́:
Ẹ má so ó. Ara á ro ó, á bì, á ṣu, á gbọ̀n, èyí náà á kọjá. Lẹ́yìn náà ni ewu ńlá wà. Ara tí kò gba oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè gbé iye tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá jáde tó gún ìwọ̀n àtijọ́, èémí lè dúró.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Ó ń rìn mí lọ́kàn, mo ń jẹun kí n tó gbé e mì. Èsì àkọ́kọ́ kò ní HIV, kò ní B. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó kọ́kọ́ pariwo, ó wá dákẹ́, ó sì ní òun á máa rán mi létí oògùn. Wọ́n ní a ó máa fi rọ́bà sùn títí àyẹ̀wò á fi parí.

Àbúrò mi kò tíì lọ. Ó ní ẹ̀rù ọlọ́pàá ń ba òun, pé wọ́n á kọ orúkọ òun sílẹ̀. Bàbá wa sì ń halẹ̀ mọ́ ọn lójoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́:
Kí bàbá yín kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sílẹ̀, bó bá jẹ́ pé ìlera ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Sọ fún àbúrò rẹ pé àyẹ̀wò ló ń lọ ṣe, kò lọ ṣe ẹjọ́. Bí HIV bá wà lára rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní Benin. Bá a lọ, má jẹ́ kó dá lọ. Ẹ jí lọ kí èrò tó pọ̀, kó sì jẹun kí ẹ tó kúrò nílé. Bó bá gbà, kó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ pọ́n yẹn dání.

Ọlọ́kọ̀ zẹ́mí, Ketu:
Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Màá gbé àwọn méjèèjì lọ, mi ò ní gbowó.