Ìyọ́jáde ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìdínkù ìfúnpá

Ẹ̀yin ará mi, okun o.

Ìbéèrè tí ọmọ wa láti Ìyàrà gbé wá, pé kí la ó máa pe àwọn nǹkan iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ń kọ́ṣẹ́ amòòkùn, irú èyí tó ń wọ ibú tó jìn ju 50 mítà lọ. Ó fẹ́ ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀, ní Yorùbá, ìdí tí òun fi ń lo 20 ìṣẹ́jú péré nísàlẹ̀, tí ọ̀nà àbọ̀ sì ń gba ìlọ́po rẹ̀, tí òun á dúró, tí òun á gòkè díẹ̀, tí òun á tún dúró. Òyìnbó ń pe ìyẹn ní decompression. Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ físíìsì ní Kàbbà ní ká pè é ní ìdínkù ìfúnpá. Bàbá wa ní Mọ́pà ní ìsinmi odò ló tẹ́ òun lọ́rùn. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ìfúnpá tí àwọn àgbà mọ̀, oògùn ìsomápá ni. Ìyẹn ò le, ìfúnpọ̀ lè rọ́pò rẹ̀: afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa ń fún wa pọ̀ ní ìwọ̀n báà kan, gbogbo 10 mítà téèyàn bá sì sọ̀ kalẹ̀ nínú òkun, báà kan á tún gun orí rẹ̀. Ní 60 mítà, báà 7 ló ń fún un. Ibi tí ìjà mi wà ni ìdínkù. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ ta sókè bí ọfà, ìfúnpọ̀ ara rẹ̀ dínkù kíákíá ju ti ẹnikẹ́ni lọ, òun gan-an sì ni ẹni tó lè rọ lápá lẹ́sẹ̀ tàbí kó kú. Tá a bá tẹ̀ lé orúkọ yẹn, ẹni tó ṣe é tó burú jù lọ ló ṣe é tó pé jù lọ. Ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà báyìí kò yẹ lára iṣẹ́ tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, náítírójìn kó nǹkan bí ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún. Ara kì í lò ó. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti fún pọ̀, ńṣe ni náítírójìn ń yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, sínú ọ̀rá, sínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí amòòkùn bá gòkè pẹ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ á gbé e padà sínú ẹ̀dọ̀fóró, yóò sì bá èémí jáde. Bó bá sáré gòkè, á hó nínú ara bí ìgò kóòkì tí wọ́n ṣí lójijì. Nítorí náà ni mo ṣe dá ìyọ́jáde lábàá. Ó yọ́ wọlé, ó gbọ́dọ̀ yọ́ jáde, kò sì gbọdọ̀ já jáde. A ó ní ìdúró ìyọ́jáde, ètò ìyọ́jáde, afẹ́fẹ́ ìyọ́jáde.

Ẹ rántí Harrison Okene (orúkọ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìlú Òkéné ìtòsí wa), alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé lẹ́bàá etíkun Nàìjíríà ní oṣù May 2013. Ó lo nǹkan bí 60 wákàtí nínú afẹ́fẹ́ tó há sínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bí 30 mítà nísàlẹ̀ òkun, kí àwọn amòòkùn tó kàn án. Wọn ò fà á sókè lọ́gán. Inú yàrá irin tí wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n gbé e sí, ó sì lo ọjọ́ bíi méjì níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ká ní ìdínkù nìkan ni wọ́n ń wá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ì bá ti tó.

Bàbá Mọ́pà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ní àwọn apẹja etí Ọya ń mòòkùn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, wọn kì í dúró lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni. Èémí kan ṣoṣo tí wọ́n mí sínú lórí omi ni wọ́n gbé lọ, náítírójìn inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó gbé sílíńdà ń mí afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi wà nísàlẹ̀. Tá a bá sì pè é ní ìsinmi, ẹni tí kò bá rẹ̀ á ní òun ò nílò rẹ̀.

Làkúrègbé omi tí ẹ fẹ́ ká pe àìsàn tó ń mú ẹni tó bá sáré gòkè dùn létí, mo sì mọ ibi tí ẹ ti rí i. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Scott Haldane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ewúrẹ́ dán ọ̀rọ̀ yìí wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1908, ẹsẹ̀ iwájú ni ewúrẹ́ tó bá kó o máa ń ká sókè, torí oríkèé ń ro ó. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ làkúrègbé, òróró ìpara ló máa wá lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọ́síjìn àti yàrá irin ló yẹ kí wọ́n máa gbé e sáré lọ bá. Mo dábàá ẹ̀jẹ̀ híhó, kó jẹ́ àbúrò ẹ̀jẹ̀ ríru tí gbogbo ayé ti mọ̀. Kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ti ń hó o, ṣùgbọ́n orúkọ náà á dẹ́rù ba èèyàn tó bó ṣe yẹ.

Lórí gáàsì, mo wà lẹ́yìn arábìnrin wa ní Lọ́kọ́ja tó ní ká má lo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ dárúkọ gáàsì lọ́jà Kàbbà, sílíńdà ìdáná ni wọ́n á gbé fún yín. Afẹ́fẹ́ ni ká máa wí, kí èyí tí wọ́n pò jẹ́ àdàlù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà àti àgbàdo ló ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ní 60 mítà, ọ̀pọ̀ ń lo àdàlù mẹ́ta: ọ́síjìn ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, hílíọ́mù ìdá 45, ìyókù náítírójìn. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ lásán ń mú kí iyè èèyàn ra láti nǹkan bí 30 mítà lọ, ọ́síjìn tó bá sì ti lágbára jù ń mú gìrì, amòòkùn tí gìrì bá sì mú á tu ohun tó fi ń mí dànù. Ọ́síjìn gidi tí wọ́n fi ń mú ìyọ́jáde yá, láti 6 mítà sókè nìkan ni wọ́n ń mí in. Nọ́ńbà ibi tó mọ ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára sílíńdà rẹ̀.

Ó ku àṣẹ́kù tí ẹnì kan dá lábàá fún afẹ́fẹ́ tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Àṣẹ́kù ni ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìlò, bó pọ̀ bó kéré. Èyí tí à ń sọ, wọ́n ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan omi: àfipamọ́ ni. Sílíńdà méjì oní-lítà 12, tí wọ́n kún dé báà 200, gba lítà 4,800. Ìdá kan nínú mẹ́ta fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún àfipamọ́, torí afẹ́fẹ́ ẹnì kejì lè tán. Ẹni tó ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ á máa mí 140 ní 60 mítà. Ìdá kan náà, lítà 1,600, kò lè gbé e kọjá ìṣẹ́jú 11.

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ́rọ̀ tẹ́ ẹ wà létí Ọya, ẹ̀yin lẹ bá omi gbé. Ǹjẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ kan fún kéèyàn máa gòkè nínú omi láìyára? Bó bá wà, ó ṣeé ṣe kó lé ìyọ́jáde mi kúrò, mo sì máa gbà.