Kámẹ́rà mi ń dákú láàárín iṣẹ́, fọ́tò sì ń pòórá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ gbà mí. Tí mo bá ń ya fọ́tò léraléra, pàápàá RAW (fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì ṣàtúnṣe sí), kámẹ́rà mi á kàn dúró gbagidi. Iná pupa ẹ̀gbẹ́ káàdì kò ní kú, bọ́tìnnì kankan kò ní dáhùn, àfi kí n yọ bátìrì. Tí mo bá tún tàn án, àwọn fọ́tò tó gbẹ̀yìn ti lọ. Ìgbà tí ọmọ tó gba ipò kìíní nínú eré sísá ń fi àyà já okùn ló tún ṣe é lánàá. Ó dùn mí dé egungun. Ṣé káàdì ni àbí kámẹ́rà?

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má ya nǹkan kan sórí káàdì yẹn mọ́, ẹ má sì fọ́máàtì rẹ̀. PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè wá èyí tó ti dé orí káàdì jáde. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kó o sí o. Èyí tó ṣì wà nínú bọ́fà (ibi tí kámẹ́rà ń kó fọ́tò sí fúngbà díẹ̀ kó tó dé káàdì) nígbà tí ẹ yọ bátìrì, ìyẹn ti lọ.

Èsì: Káàdì lèmi fura sí. Ayédèrú pọ̀ níta. Tí ẹ bá ti kó fọ́tò kúrò, ẹ fi H2testw, ètò tó ń yẹ káàdì wò bóyá ayédèrú ni, dán an wò. Ẹ wá káàdì tí wọ́n kọ V30 sí lára: kì í gbà dín ní 30MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni! PhotoRec gbé púpọ̀ jáde, ọmọ yẹn wà níbẹ̀, okùn ṣì wà láyà rẹ̀. Mo ti pààrọ̀ káàdì, kámẹ́rà ò dúró mọ́.